Góńgó Ìgbì Àtùpà Gáàsì Mi

Ọjọ́ tí mo kà á pé iná mànàmáná àti agbára òòfà ló jọ ń rú bí ìgbì nínú ìmọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Télọ̀ ni mí ní Ìlúpéjú, Ìwé Mẹ́fà ni mo kà mọ. Tíṣà kan láti Ìkọ̀lé, tó gbé ṣòkòtò wá fún mi rán, ló yá mi ní ìwé náà. Ó wà níbẹ̀ pé bí a bá mọ iye wáàtì ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára fìtílà, tí a sì mọ bó ṣe jìnnà sí wa tó, a lè ṣírò góńgó ìgbì méjèèjì, ìyẹn ibi gíga jù lọ tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ń rú dé.

Mo fojú bu ìmọ́lẹ̀ àtùpà gáàsì ṣọ́ọ̀bù mi sí wáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n dé ìdí máṣíìnì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá géérégé. Ìwé ní kí n fi ọgọ́ta sọ wáàtì di púpọ̀, kí n wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó jẹ́ iye náà, kí n sì fi jíjìnnà rẹ̀ pín in. Gbòǹgbò náà jẹ́ ọgbọ̀n, ká pín in sí mẹ́wàá. Nígbà tí tíṣà wá wọ ṣòkòtò wò, mo ní, "Fólítì mẹ́ta lórí mítà kan."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Télọ̀! Ìlú tí kò ní òpó iná kan ṣoṣo, fólítì lo ń kà níbẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ò bèèrè òpó, tíṣà. Ẹ wo ìwé yín."

"Ìdáhùn rẹ ò tọ̀nà. Bí mo bá dé ní Sátidé tí o ṣì ń ṣì í, màá gba ìwé mi, kí o gbájú mọ́ abẹ́rẹ́."

Ìwé kan ṣoṣo tí mo rí kà nìyẹn. Mo búra pé kò ní kúrò lọ́wọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, téèpù mi dojú dé lórí tábìlì. Sẹ̀ntímítà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí télọ̀ kankan ládùúgbò wa kì í wò. Íńṣì la fi ń rán aṣọ. Mítà ni ìwé ń fẹ́, ẹsẹ̀ bàtà ni mo kó fún un! Mo tún un wọ̀n: sẹ̀ntímítà ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún, ìyẹn mítà 3.05.

Ní Sátidé, tíṣà na ọwọ́. "Ìwé mi dà?"

"Ìwé ò lọ síbì kan, sà. Ẹ jókòó, ẹ mú bírò, ẹ ṣe é fúnra yín."

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn rẹ̀ bá tèmi mu. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó fi ìwé sílẹ̀ lórí máṣíìnì. Iná mànàmáná: fólítì 9.84 lórí mítà kan. Ti òòfà, nígbà tí mo fi eré ìmọ́lẹ̀ pín in bí ìwé ṣe ní, mítà mílíọ̀nù ọ̀ọ́dúnrún ní ìṣẹ́jú àáyá kan: wébà, òṣùwọ̀n òòfà, 0.0000000328 lórí mítà kan níbùú lóòró.