Àyà Màmá Mi

Nígbà tí ọmọ mi pẹ́ nílé ìwé lánàá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo fi ìpara àbóníkì tí Màmá máa ń lò ra á, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sílé wa ní Siluko Road, nígbà tí mo ṣì kéré.

Ọ̀sán ni. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Màmá ti ọsibítù dé, ó fọwọ́ di àyà mú. Dókítà ní kò sí àrùn kankan, àníyàn ni. Aládùúgbò wa bi mí pé, "Wetin do your mama?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Na lie o! Doctor say nothing do am."

Màmá gbọ́. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò láyà, ó lọ dáná.

Láàárọ̀ yìí, dókítà tèmi náà ò rí nǹkan kan láyà mi.

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Màmá ò tún sọ fún mi mọ́ pé àyà ń dun òun.