Àmì Típẹ́ẹ̀sì Méjì Lára Ẹ́ńjìnì Tísà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí mọ́tò Tísà mi. Mẹ́káníìkì ni mí, Òkè-Ìlá ní Adó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnì tí mo sì ń tò ó padà, nítorí náà ẹ má rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ o!

Tísà yìí ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ní Ìgèdè. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ wọn, mọ́tò náà ni wọ́n sì fi ń gbé Bàbá lọ sí ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn na ẹsẹ̀. Bí mọ́tò ò bá sí, ṣé ọ̀kadà ni Bàbá fẹ́ gùn ni?

Ṣéènì táímìn ló gbó. Fún ẹni tí kò mọ̀, ṣéènì yìí ló ń jẹ́ kí òkè ẹ́ńjìnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa yí pọ̀. Bí a bá ṣì í tò, písítìnì á lọ gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnì bàjẹ́ nìyẹn!

Kí n tó tú u, mo fi típẹ́ẹ̀sì, ọ̀dà funfun tí ẹ̀yin akọ̀wé fi ń pa àṣìṣe rẹ́, sàmì sára jíà, irin eléyín tí ṣéènì náà ń yí. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àṣé ẹni tó tú u ṣáájú mi náà ti fi tirẹ̀ sàmì síbẹ̀! Àmì funfun méjì lórí jíà kan. Èwo ni mo to ṣéènì tuntun sí? Ẹ ti mọ̀ ọ́n: ti ẹni yẹn ni, n kò sì mọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí iṣẹ́ ẹ́ńjìnì bá parí, a máa ń gbàdúrà, onímọ́tò fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Àṣà ọ̀gá tó kọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ṣáájú àdúrà, ó yẹ kí n fi sípánà yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì, kí n mọ̀ bóyá nǹkan ń kọ́ nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, n kò yí i. Bàbá ti wọṣọ ọsibítù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo aago.

Mo ṣàdúrà ní ti Mùsùlùmí, Tísà ṣe tiwọn lórúkọ Jésù, gbogbo wa ṣe àmín. Tísà wọnú mọ́tò, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n wá yọjú sí mi.

"Ràṣídì, ṣé o ti tún uṣẹ́ rẹ wò?"

Ohun tí wọ́n máa ń bi wá ní kíláàsì nìyẹn kí a tó kó ìwé wa sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Irọ́ ni!

Ara mi kò gbà á. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, mo fi sípánà yí i. Kò tíì yípo lẹ́ẹ̀kan tó fi dúró gbagidi. Písítìnì ti kan fáàfù. Ó ku kí Tísà yí kọ́kọ́rọ́ péré!

Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé n kò tún un wò. Wọn kò bínú, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó ti Bàbá, wọ́n ní ọsibítù di ọ̀la.

Mo tú u, mo ha àmì àtijọ́ dànù, mo tún un tò. Mo fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo tún yí i lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó ń lọ gere. Mo wá pe Tísà pé kí wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní rárá o.

"Uwọ lo máa yí i lónìí, kí n rójú rẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ mo ṣe bísímílà kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́! Mo yí i. Ó sítáàtì. Bàbá fi ọwọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ pàtẹ́wọ́ sórí itan wọn.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ̀rù iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ẹni tó ni mọ́tò. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti bi yín rí pé ṣé ẹ ti tún un wò, tí ẹ sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì tún un wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́.