Ojú Oró Tí Mo Dà Sódò

Lónìí, àwọn aládùúgbò mi ní kí n báwọn kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Wọn ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ọ̀daràn.

Ojú oró ti bo odò ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀kà. Àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú níbẹ̀ kò rí omi mọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kó wọn wá.

"Tíṣà, ẹ bá wa kọ ọ́ sí káńsù. Kí wọ́n wá ẹni tó gbé e wá."

Mo ní, "Ṣé kò lè hù fúnra rẹ̀ ni?"

"Ó hù fúnra rẹ̀ kẹ̀? Ojú oró ní í lékè omi, àdúrà mi nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ti wá lékè wa báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ra ojú oró náà, pẹ̀lú ẹja aláwọ̀ wúrà tí mo ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Nígbà tí ẹja kú tán, àánú ewé náà ṣe mí, mo dà á sódò. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàólójì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo kọ lẹ́tà náà. Níbi orúkọ ọ̀daràn, mo kọ tèmi, mo sì kà á sí wọn létí.

Ìyá Bọ́sẹ̀ wá ní, "Tíṣà, ẹ pa bébà tì. Ẹ mú agbọ̀n, ká lọ kó o kúrò lódò."

Ẹ̀yìn ń ro mí bí mo ti ń tẹ èyí. A ò tíì kó ìdajì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì, níbo lẹ ń da ewé rẹ̀ sí? Ẹ sọ òótọ́, mo ti sọ tèmi.