Kásẹ́ẹ̀tì Bíríkì tí Mo Wá dé Ifọ̀

Mi ò fẹ́ràn géèmù. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi náà wà lára àwọn tó ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí ọbẹ̀ á fi jóná. Aránṣọ ni mí, inú sì máa ń tètè bí mi. Oníbàárà kan sọ nígbà kan pé bùláòsì tí mo rán fún òun kò gún régé, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tú u palẹ̀ lójú ẹ̀. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi ṣàìsàn ní Mowe, kò sí ohun tí mo wá kiri bíi kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá mi ṣe ní Mushin. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà tí wọ́n fi òjé rọ, bàbá mi ni wọ́n máa ń tò ó, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ìlà á fi kún. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó wa wá sí Mowe, sínú ilé tiwọn tí kò tíì parí, tó jẹ́ pé yàrá méjì péré ló ní òrùlé. A ò tíì lo ọdún kan níbẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gbé wọn ṣánlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ sì di kìkì “ẹ̀n, ẹ̀n” lẹ́nu wọn.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fojú sí ọwọ́ yẹn o. Tí kò bá ṣiṣẹ́, á ká wọnú, á le gbagidi, kò sì ní ṣeé nà mọ́.” Ó fún wa ní bọ́ọ̀lù kékeré kan pé kí wọ́n máa fún un. Bàbá mi wo bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ síta láti ojú fèrèsé. Mi ò bá wọn jà. Ọwọ́ tó fi òjé tọ́ ọmọ mẹ́rin, ẹ wá ní kó máa fún bọ́ọ̀lù bí ọmọ ọwọ́! Èmi náà ì bá sọ ọ́ nù.

Èènì ni géèmù tí mò ń sọ yìí. Mo lọ ra áyọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ ní Ibafo, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ọjà sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀. Nígbà náà, àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ àti kásẹ́ẹ̀tì wọn máa ń wà lórí tapólì rẹ̀ bíi iṣu tí kò rí ẹni rà á, eruku á bò wọ́n. Bí mo ṣe sanwó áyọ́ọ̀nù tán, mo ní kó fi nǹkan sí i. Ó mú ẹ̀rọ géèmù kan àti kásẹ́ẹ̀tì kan, ó jù wọ́n sínú báàgì mi. Ó ní, “Sístà, ẹ bá mi gbé e kúrò ńlẹ̀ jàre.”

Bíríkì ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bíríkì á máa já bọ̀ láti òkè, ènìyàn á máa yí i, á máa tò ó. Bí ìlà kan bá kún láìsí àlàfo, ìlà náà á pòórá. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí n fi wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kí n lè rí ẹni tà á fún. Bàbá mi tó ti kọjú sí ògiri láti àárọ̀ yí orí padà. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi pé kí n gbé e wá.

Mo gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lé wọn nítan, mo sì fi àtàǹpàkò ọ̀tún wọn lé bọ́tìnì tó ń yí bíríkì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Bíríkì kún ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wò ó, omi ń bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àtàǹpàkò náà tẹ bọ́tìnì. Mo rí i, mo sì figbe ta débi pé màmá mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rò pé ó ti parí ni. Láàárín oṣù mẹ́rin, bàbá mi lè fi ọwọ́ yẹn mú síbí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìlà kan dí lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì sọ pé, “Ó kún.” Ọ̀rọ̀ gidi! Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ yé lẹ́nu wọn nìyẹn.

Màmá mi wá ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Kò sí ohun tí màmá mi kì í da òróró ìyàsímímọ́ sí. Ẹnu ọ̀nà ilé wa, ìgò oògùn, orí gbogbo wa, títí dórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo máa ń nu tèmi kúrò kó má baà ba aṣọ oníbàárà jẹ́, a ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí “Ó kún” yẹn, òróró tuntun ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sókè, wọ́n sì da òróró sí i. Wọ́n ní, “Ohun tí Olúwa bẹ̀rẹ̀, Ó máa parí ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í padà sínú ẹ̀rọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku pupa Mowe wà nínú gbogbo ihò, òun àti òróró sì pò pọ̀. Bàbá mi tan géèmù, ìlà funfun lásán ló hàn. Atúnrẹ́díòṣe tó wà ní òpópónà wa tú ẹ̀rọ náà, ó fọ̀ ọ́, ó fi bíléèdì họ eyín irin tó wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀rọ ti dáa. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti kú.”

Mo pariwo mọ́ màmá mi. Mo ní, “Ẹ ti fi òróró pa á! Ẹ ò lè fi nǹkan kan sílẹ̀ láìda òróró sí i!” Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń fi gèlè nu ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ń nù ún ṣáá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ń bẹ nínú ilé wọn, mò ń jẹ oúnjẹ wọn, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni tí kò rí ènìyàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Mo kọ́kọ́ padà sí Ibafo, mo rò pé òkìtì yẹn ṣì wà lórí tapólì. Kò sí ẹyọ kan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sístà, ìgbà yẹn ti lọ. Àwọn kan ń wá láti Èkó, wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n láwọn òyìnbó tó jù ú nù ló tún ń wá a padà.” Mo bú òyìnbó níbẹ̀, mo bú àwọn ará Èkó, mo bú òun náà mọ́ ọn. Ní Mowe, kìkì géèmù tuntun tó wà nínú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tà. Mo dé Ajuwon, mo dé Oke-Aro. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì oníbọn àti ti ìdíje ọkọ̀, mo sì rà wọ́n ní iye tó dùn mí dé egungun. Àwọn géèmù yẹn yá jù fún bàbá mi. Wọ́n ti páàdì sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ògiri padà. Àtàǹpàkò náà ti ń ká wọnú díẹ̀díẹ̀.

Oníbàárà mi kan ló sọ pé òun rí bàbá kan ní Ifọ̀ tó ń ta àwọn nǹkan àtijọ́ báyẹn. Mọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọ̀ kí n tó débẹ̀. Bàbá àgbàlagbà náà ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó fi ń dán ọjà wò. Kásẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá ló tò sórí aṣọ. Ó ti ẹ̀kẹta bọ inú ẹ̀rọ, bíríkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀.

Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi pé òun gan-an ni mo wá wá. Iye tó dárúkọ tó owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù kan. Ó wà lápò mi, mo ti tọ́jú owó dání ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fún mi léènì lánàá yìí! Ara mi kọ̀ ọ́. Mo dá ìdajì lé e, bàbá náà ní kò gbà. Mo wá ṣe bí a ṣe ń ṣe lọ́jà. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, mo pòṣé, mo sì ń lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ènìyàn á máa rọra rìn, etí á wà lẹ́yìn, kó tó rìn jìnnà ọlọ́jà á ní, “Wá, wá, mú owó wá.”

Kò pè mí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta omi tútù, kò pè mí. Ó yẹ kí n yí padà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ ì bá yí padà. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi, mo ní kò ní fi mí ṣẹ̀sín. Mo ra omi, mo mu ún, mo yí ọjà po, mo yẹ òwú ìránṣọ wò tí mi ò fẹ́ rà. Ìgbà tí mo padà dé, aṣọ náà ti ṣófo.

Bàbá náà ní, “Ọmọ mi, mo rò pé o ti lọ ni. Ọ̀gbẹ́ni kan ló gbé báàgì wá tó kó gbogbo ẹ̀. Kò tiẹ̀ nájà.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“Tẹ́lẹ̀ mo máa ń pe ẹ̀yin oníbàárà padà,” ló wí. “Ní báyìí, bí ẹnì kan bá lọ, ẹlòmíràn ti ń bọ̀.”

Mo sáré dé ibùdókọ̀, mò ń wo ọwọ́ gbogbo ọkùnrin tó gbé báàgì. Mi ò rí i.

Nígbà tí mo délé, màmá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí, “Ṣé o rí i?” Mo ní, “Kò sí. Kò sí rárá.” Wọ́n mi orí, wọ́n wọlé lọ, wọn ò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, ọwọ́ bàbá mi ti di ẹ̀ṣẹ́. Màmá mi á di ọrùn ọwọ́ náà mú, èmi á máa fi agbára la ìka wọn kí n lè gé èékánná tó ń gún wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Wọn ò sọ “Ó kún” mọ́, wọn ò sọ ohunkóhun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, kí àwọn èèyàn tó wá gbé wọn, màmá mi kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀ṣẹ́ náà. Wọ́n ń sọ ọ́ léraléra pé, “Olówó orí mi, ẹ dárí jì mí. Òróró mi ni. Òróró mi ló bà á jẹ́.”

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ẹnu mi tó máa ń yá sí gbogbo ayé kò yá lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Wọn ò da òróró sí nǹkan kan mọ́, títí dórí tiwọn, mo sì ń wò wọ́n. A sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn pé mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà ní Ifọ̀, pé mo fọwọ́ kàn án, àti pé owó rẹ̀ wà lápò mi.