Sátidé Tí Díákónì Rán Aṣojú

Bí ẹ bá ń wá Díákónì Olúdáre Fọlọ́runṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu débi ilé rẹ̀ ní Austell, lẹ́bàá Atlanta l'Amẹ́ríkà. Ẹ kò ní bá a. Ó ti lọ ṣe bàbá fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìjọ wọn ni òbí wọn wà ní Nàìjíríà tí wọn kò rí físà gbà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣègbéyàwó, Díákónì ni yóò jókòó sí àga bàbá, òun náà ni yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà sì yẹ ẹ́. Ó ga, ohùn rẹ̀ ń dún, ewú orí rẹ̀ hù síbi tó yẹ kó hù sí. Gbogbo ìjọ ń pè é ní Dádì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bí nínú gbogbo wọn. Ṣìkẹ́mi ni. Ìyá ọmọ náà ti kó lọ sí Houston nígbà tí Ṣìkẹ́mi ṣì kéré, ó sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn níbẹ̀, ni ó bá ku bàbá àti ọmọ. A ò ní parọ́ mọ́ Díákónì pé kò tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó wọṣọ fún un, ó sì rán an lọ sí yunifásítì láàárín Atlanta. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Díákónì kì í sì í sí níbi tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń wá a.

Trombone ni Ṣìkẹ́mi ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin yunifásítì náà. Ẹni tí kò bá mọ Amẹ́ríkà á rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń torí rẹ̀ kóra jọ lọ́jọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún, tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá kiri bí ẹni jí adìẹ gbé, àwáwí lásán ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti pàgọ́ sí páàkì, èéfín ẹran sísun á gba gbogbo àdúgbò, àwọn àgbàlagbà tó ti jáde nílé ìwé náà tipẹ́ á wọ àwọ̀ rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin á wá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á fọn fèrè gba àárín àgọ́ kọjá lọ sí pápá, tọmọdé tàgbà á sì dìde kí wọn. Lọ́dún tí Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ rìn ín, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó dà bíi pé odidi ìlú kan jáde wá pàdé rẹ̀.

Àwọn òbí ọmọ ẹgbẹ́ olórin náà ní àgọ́ tiwọn. Ìyá Joanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló máa ń bu oúnjẹ fún un níbẹ̀, á sì bi í pé, "Your daddy coming today, baby?" Ṣìkẹ́mi á ní ó wà níbi iṣẹ́. Kí ni kó ti sọ? Ṣé kó ní ó wà níbi tó ti ń gbàdúrà sórí ọmọ ẹlòmíràn?

Bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn nílé lọ́dọọdún ni wọ́n ń pè ní Senior Day. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á pe àwọn tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí rẹ̀ á sì jọ rìn dé àárín pápá lójú gbogbo èrò. Nínú ẹgbẹ́ olórin, ọmọ á bọ́ fìlà oníìyẹ́ orí rẹ̀, á fi dé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lórí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni Ṣìkẹ́mi fi ń wo fìlà yẹn lórí bàbá onílé, bàbá àlejò. Kò fẹ́ ohun mìíràn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ju pé kó wá tẹ orí ba lọ́jọ́ tòun.

Ó sọ fún un kí ilé ìwé tó wọlé. Díákónì ní òun á wá, ó ní kóòtù dúdú lòun á wọ̀. Inú ọmọ dùn débi pé ó lọ bá ọkùnrin tó ń pe orúkọ lórí ẹ̀rọ, ó sì ń kọ́ ọ ní Fọlọ́runṣọ́ títí ahọ́n ọkùnrin náà fi rọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Senior Day pé, Díákónì pè é lórí fóònù.

"Ṣìkẹ́mi, Saturday yẹn ti clash o. Fẹ́misí tó fẹ́ ṣe wedding ní Morrow, wọ́n tún deny visa daddy ẹ̀. Ọmọ yẹn ń sunkún sí mi létí, mi ò lè sọ pé rárá."

"Daddy, ẹ ti promise."

"Mo mọ̀. But wedding ni tiẹ̀, once in a lifetime. Ball ni tìẹ. Má worry, màá rán aṣojú. Uncle Lìádì ò ní shift, ó máa represent mi."

"Daddy, wọn kì í rán aṣojú síbẹ̀."

"My dear, kò síbi tí wọn kì í rán aṣojú sí."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Díákónì kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ ròde tán, ó fi ilé sílẹ̀ níhòòhò, kò sì mọ̀.

Uncle Lìádì, ọ̀rẹ́ Díákónì, kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ń wa forklift nílé ìkẹ́rùsí kan ní Douglasville, kò sì bímọ. Ó tètè dé ju ọ̀pọ̀ òbí lọ, ó wọ kóòtù tí èjìká rẹ̀ tóbi jù ú. Ó bá Ṣìkẹ́mi lórí ìlà ní etí pápá, ó sì fa ìwé kan yọ lápò.

"Níbo ni high table wà? Daddy ẹ ní kí n ka goodwill message yìí."

"Uncle, kò sí high table. A kàn máa rìn ni."

"Kò sí mike rárá?"

"Rárá, sà."

Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lìádì dúró ṣánṣán lórí ìlà náà, ó sì ka ìwé ọ̀hún fún Ṣìkẹ́mi nìkan. Nínú rẹ̀, Díákónì kí alága, ó kí ọ̀gá ilé ìwé, ó kí gbogbo àwọn èèyàn pàtàkì tó wà ní ìjókòó. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ Ṣìkẹ́mi wà. Inú bí ọmọ náà, ó kàn ń wo ẹnu Lìádì.

Wọ́n pè wọ́n. "Ṣìkẹ́mi Fọlọ́runṣọ́, trombone, with her father, Olúdáre Fọlọ́runṣọ́." Àṣìpè kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, Uncle Lìádì juwọ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n dé àárín pápá, Ṣìkẹ́mi bọ́ fìlà. Ọkùnrin náà tẹ orí ba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, omi sì lé ròrò sí i lójú. Fìlà náà bá a mu wẹ́kú. Ṣìkẹ́mi kórìíra rẹ̀ fún ìyẹn, ojú ara rẹ̀ sì tì í nítorí pé ó kórìíra rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù parí. Wọ́n ń tú àgọ́ nígbà tí Díákónì pè.

"Ṣé wọ́n pronounce orúkọ mi dáadáa?"

"Wọ́n pè é dáadáa, Daddy. Uncle Lìádì ló dáhùn."

"Good man." Ohùn rẹ̀ ń tàn yanran. "Ìbá ṣe pé o wà ní Morrow! Nígbà tí mo fa Fẹ́misí lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́, I broke down. Mo sunkún gan-an."

Ṣìkẹ́mi kò rí ẹkún lójú bàbá rẹ̀ rí, títí kan ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kó lọ. Ó kí i bí àlejò ṣe ń kí bàbá ìyàwó.

"Ẹ kú ìnáwó, sà. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní."

"Àmín," ni Díákónì dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn.