Ilà Ojú Ìyá Marufat

Ní àdúgbò Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Marufat. Èmi ń ránṣọ. Òun ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń ya àwòrán. Ènìyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọmọ àdúgbò Àgúnpopo ní ìlú Ọ̀yọ́ ni. Ó ti lé lógójì ọdún, àbàjà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ní gẹ́lẹ́. Nígbà tó wà nílé ìwé, Rélùwéè làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹlòmíràn ìbá máa fọwọ́ bojú. Marufat a gbé ojú náà sún mọ́ wọn, a ní kí wọ́n wò ó dáadáa, bóyá wọ́n á rí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó débi pé kò lè gbé ètò ayàwòrán ńlá kankan. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: á ṣí bráósà, ojú ìwé funfun á yọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ fa ìlà dúdú, lẹ́yìn náà á da àwọ̀ sí i. Bí ìlà méjì kò bá pàdé, bó ti wù kí àlàfo náà kéré tó, àwọ̀ aṣọ á ya wọ ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ á di rádaràda. Ètò náà máa ń jẹ́ kó to iṣẹ́ léra bí ọ̀rá tí a ń rí òdìkejì rẹ̀, ìlà lórí ọ̀kan, àwọ̀ lórí òmíràn. Léyà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn lè yọ léyà kan dànù kí àwọn yòókù má mì rárá.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ ìwé kan gbé iṣẹ́ ìwé ọmọdé fún un. Ìtàn ìyá àgbà kan tó ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń kí èèyàn ni. Ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ Marufat máa wà lára rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá a. Kò wá ojú ìyá àgbà náà jìnnà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, ó bẹ ìyá rẹ̀ kó jókòó fún òun.

Ìyá náà kọ́kọ́ kọ̀. Mi ò bá a wí. Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, ayafọ́tò kan ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà nu àbàjà ojú rẹ̀ kúrò láìbéèrè, ó ní oore lòun ṣe é. Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀. Ìyá wò ó títí, ó ní, “Ta nìyí?” Ó ní kí wọ́n yí i kojú sí ògiri, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà.

“Bí o bá máa yà mí,” ó sọ fún Marufat, “yà mí tán.”

Marufat ṣèlérí. Nígbà tó yà á tán, ẹ̀rín ìyá náà wà níbẹ̀, gèlè tó máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan wà níbẹ̀, àbàjà náà sì jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ayọ̀mikún, ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwòrán nílé iṣẹ́ ìwé náà, fi pè é. Marufat tan sípíkà fóònù kí èmi náà lè gbọ́.

“Aunty, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ní kí ẹ yọ ilà ojú yẹn. Wọ́n ní ó máa dẹ́rù ba àwọn ọmọ.”

“Ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣé ojú mi ń dẹ́rù bà ọ́ ni?”

“Rárá o mà. Èmi kọ́ mà.”

“Mi ò yọ ọ́.”

“Kò sí wàhálà mà. Ẹ ṣáà fi fáìlì yẹn gan-an ránṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo léyà ẹ̀. Àwa a yọ ọ́ fúnra wa.”

Inú bí mi. Ọmọ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀n dàgbà, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń fọwọ́ pa lójoojúmọ́ ló máa wá sá fún nínú ìwé? Mo ní kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wọn. Marufat ní á dé ọwọ́ wọn.

Mo dìde lọ wo ohun tó ń ṣe. Léyà ọ̀tọ̀ ni ilà náà wà lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó parí. Marufat pa á pọ̀ mọ́ ìlà ojú, ó pa ìlà ojú pọ̀ mọ́ àwọ̀ ara, gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Ó tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló ti bráósà pa, kí òun fúnra rẹ̀ má lè tú u mọ́. Ó wá fi í ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá àwòrán náà padà. Wọ́n ti gbìyànjú láti pa àbàjà rẹ́. Àwọ̀ ara bá a lọ, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá a lọ, ihò funfun ló kù lójú ìyá náà bí aṣọ tí ikán jẹ. Ayọ̀mikún tún pè.

“Aunty, a ò rí léyà tí ilà yẹn wà.”

“Ojú èèyàn ni mo yà fún yín. Ẹ gbà á bó ṣe rí, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò ní tún un yà.”

Ó mọ̀ pé ìwé tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sídìí ìwé tó ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, kò sí àyè láti wá ayàwòrán mìíràn, ilé iṣẹ́ ìwé náà sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

A jọ mú ẹ̀dà kan lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ àbàjà inú rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó nawọ́ sí fọ́tò tó kojú sí ògiri.

“Ẹ gbé ìyẹn kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Èmi nìyí.”