Ọlọ́kọ̀ Tí Kò Pè Wá Padà

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mò ń pe apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ kan ní Ọ̀fà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó san iye yẹn rí. Oníbàárà á ní ẹgbẹ̀rún méjì, màá ní kó lọ gbin tirẹ̀, á yíjú padà bí ẹni tó ń bínú lọ. Màá jẹ́ kó rìn díẹ̀, kí n tó pariwo pé, "Wá, wá gbé e!" Bí a ṣe ń tajà nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè rìn kúrò nídìí ọjà, owó rẹ̀ ni yóò rìn kúrò lápò rẹ̀.

Ìwà yìí la gbé dé erékùṣù.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Alhaja tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, àti Mummy Tíṣà, àgbà ìjọ Áńgílíkà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Alhaja tó ń gbé Èkó ló ní ká wá sinmi. Ó sanwó ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa sọdá, ó ní òun á dúró dè wá ní èbúté. A jókòó sábẹ́ igi àgbọn, a ki ẹsẹ̀ bọ òkun, Alhaja sì ń ké bí ọmọdé nígbàkúùgbà tí omi bá fà á lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Rọra o. Òkun ò mọ̀ pé o ti lọ sí Mẹ́kà."

Nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọlọ́kọ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá la máa san, torí ọkọ̀ ìkẹyìn ni. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín.

Alhaja fà mí láṣọ. "Jẹ́ ká máa lọ. Á pè wá."

Mummy Tíṣà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibí kì í ṣe ọjà o."

A ò gbọ́. A rìn lọ, à ń jùdí. Ẹ́ńjìnnì ló dáhùn lẹ́yìn wa. Nígbà tí a ó fi yíjú padà, ọkọ̀ ti wà láàárín omi.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ àyà Alhaja. Ikọ́ fée ń ṣe é láti kékeré, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sì wà nínú mọ́tò ọmọ rẹ̀ lódìkejì omi. Ó ní òun fi í síbẹ̀ kí ó má bàa já sínú òkun. Èémí rẹ̀ ń súfèé. Kò pẹ́ tí kò fi lè parí ọ̀rọ̀ mọ́. A pe ọmọ rẹ̀. Ó ní gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà lọ́dọ̀ òun ló kọ̀, pé omi ti le jù. Mummy Tíṣà tú gèlè wọn, wọ́n ń fi fẹ́ ẹ, wọ́n ń ka sáàmù. Èmi ń sáré lọ sáré bọ̀ létí omi, mò ń fi ìborùn juwọ́ sí gbogbo nǹkan tó bá ń léfòó, títí kan ìtì igi.

Apẹja kan ń fa ọkọ̀ rẹ̀ gun iyanrìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo omi, ó wo Alhaja, ó sọ iye tí òun máa gbà. Ẹnu mi ti là láti ná an sí ìdajì. Alhaja bá dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. Mo pa ẹnu dé, mo tú tòbí tí mo ń kówó sí, Mummy Tíṣà fi tiwọn kún un.

Ọkọ̀ yẹn ń fò, ó ń balẹ̀. Omi ń wọlé, à ń fi ike gbọ́n ọn. Alhaja fẹ̀yìn tì mí láyà, gbogbo èémí tó bá fà ni mò ń bá a fà. Ìgbà kan dé tí mi ò gbọ́ súfèé yẹn mọ́. Mo gbá a léjìká.

"Alhaja! Ta ni màá wá máa bú lọ́jà?"

Ó mí, díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti wọ inú omi dé orúnkún kí a tó gúnlẹ̀, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja fà á, ó tún un fà. Kò sí àdúrà tí mi ò gbà, ti mùsùlùmí, ti onígbàgbọ́. Nígbà tó yá, súfèé náà rọlẹ̀. Ó lajú, ó wò mí.

"Ṣé ẹ ná apẹja yẹn?"

"A ò ná an."

"Èló lẹ wá fún un?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, ìlọ́po méjì iye tí ọlọ́kọ̀ yẹn pè."